Kakaǹfò Under-G, Má Tíì Dáná Sun Ìlú

Sí àbúrò ìyàwó mi, Ẹnjinníà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Under-G, l'Ógbómọ̀ṣọ́,

Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n má kọ lẹ́tà yìí. Ó ní a kì í bá àna ẹni jà lójú agbo. Mo ní ta ló ń jà? Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lásán ni mo fẹ́ bá ọ sọ, bí àwọn ẹlòmíì bá wá gbọ́ ńkọ́? Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó pòṣé, ó padà sídìí ẹ̀fọ́ tó ń já. Nítorí náà, bí gbogbo ará Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́ yín bá ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́la, ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Má pè é lórí fóònù láti fẹjọ́ mi sùn.

Ìwọ àti èmi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí ni kò mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń rọ̀, àrá sì ń sán bí ẹni tó wá gba gbèsè ní àdúgbò wa. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mò ń ṣírò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Mànàmáná kọ yẹ̀rì, iná lọ, nǹkan kan sì dún pò nínú àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Òórùn tó jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ọ̀rá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò fi mí ṣẹ̀sín títí: ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ ìlú tí Ṣàngó jẹ Aláàfin rẹ̀, Ṣàngó fúnra rẹ̀ wá kí i nílé, mọ́dábọ́ọ̀dù ló jẹ kó tó máa lọ. Ben Enwonwu kò ṣàṣìṣe nígbà tó ṣe ère Ṣàngó tí wọ́n gbé síwájú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Marina, l'Ékòó, ní 1964. Ó mọ ẹni tó ni iná. Èmi tí mò ń gbé nílùú onínǹkan gan-an ni mi ò rántí yọ pílọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì, Ìbàdàn ni yóò gbé e lọ. Èmi ní àna l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mo ki ọwọ́ bọ àpótí aṣọ, mo fa ìró kan yọ, mo fi di kọ̀ǹpútà bí ẹni pọn ọmọ, mo wọ Micra dé Owódé, mo sì wọ ọkọ̀. Nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà tó wà láàárín ìlú mi àti ìlú yín, orí itan mi ni kọ̀ǹpútà náà jókòó sí. Tírélà tó ń tòkè ọya bọ̀ ń fi atẹ́gùn gbá wa, dírẹ́fà ń ṣépè, èmi ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹrù mi mú. Ìyá kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá jẹnẹrétọ̀ ni. Mo ní rárá, aláìsàn ni. Ó ní Ọlọ́run á wò ó sàn. Mo ní àmín. Ṣé o rí i? Àdúrà ti bá kọ̀ǹpútà yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ kí ìwọ tó fọwọ́ kàn án.

Jẹ́ kí n fún ọ ní ẹ̀tọ́ rẹ ná. Bí o ṣe tú àpótí náà báyìí ni o rí ojú ibi tó jóná, o nawọ́ sí i, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀dù ti lọ." O kò ní kí n ra páwà sọ́pláì nígbà tí páwà sọ́pláì kò ṣe nǹkan kan. O wá bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan tó bá ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi àti ráàmù mi mu, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí ihò DDR3 kò gba DDR4, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà kì í jókòó sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, mo ṣí fìlà fún ọ.

Mo tètè dé e padà. O tẹ bọ́tìnnì, fáànù ń yí, mọ́nítọ̀ dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀. O tú gbogbo rẹ̀, o tún un tò, o tún tẹ̀ ẹ́, fáànù ń yí bákan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn dúró yí wa ká, ọ̀kan ń gbà ọ́ nímọ̀ràn, èkejì ń sọ fún un pé kò mọ ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan ni o rí wáyà ẹlẹ́nu mẹ́rin tó yẹ kó máa gbé iná fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀ àpótí bí ọmọ tí wọn kò pè sídìí oúnjẹ. O wo ọ̀tún, o wo òsì, o tì í bọ ibi tó yẹ, o sì wúkọ́. O rò pé mi ò rí ọ ni.

Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, pí, pí, pí. Èmi rò pé ó ti bàjẹ́ tán. Ìwọ ni o ní ká má fòyà, pé igbe yẹn ló fi ń sọ ibi tó ń dùn ún. O yọ ráàmù, o fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa ìkọ̀wé rẹ́ nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, o tì í padà títí tó fi dún kẹ́. Igbe dá. Mọ́nítọ̀ tàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Mo tún ṣí fìlà. Lọ́jọ́ yẹn, fìlà mi ríṣẹ́ ṣe.

Ohun tó wá hàn lójú mọ́nítọ̀ ni lẹ́tà funfun díẹ̀ pé òun kò rí ohun tí òun máa fi bẹ̀rẹ̀: No boot device. O wò ó fún ìwọ̀n àsìkò tí ènìyàn fi ń jẹ gúgúrú ẹ̀kúnwọ́ kan. O yíjú sí mi, o sì sọ gbólóhùn tó mú mi kọ lẹ́tà yìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kàn fọ́máàtì ẹ̀."

Àna mi, ìlú Kakaǹfò ni ìlú yín. Tóyèjẹ jẹ ẹ́, Ládòkè Akíńtọ́lá náà jẹ ẹ́ ní 1964, orúkọ rẹ̀ sì wà lára yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1990, èyí tí àwọn oníbàárà rẹ ti ń jáde wá. Gbogbo wa la mọ èèwọ̀ oyè náà: Kakaǹfò tó bá lọ sógun gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń ru nínú rẹ. Ẹnubodè kan kò ṣí fún ọ nígbà àkọ́kọ́ tí o kàn án, o ti ń wá ìṣáná. Bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú náà kò bá ọ jà. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé o wà níta. Ìwé owó gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀. Ètò ìsìnkú ìyá mi wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tí kò sí níbòmíì. Ìwé tí mò ń kọ lórí àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ wà níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ dé orí keje. O ní ká dáná sun wọ́n kí Windows lè ráyè jókòó.

Kì í ṣe ìwọ nìkan. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹnjinníà ń sọ nìyẹn láti ibí dé Ìlọrin. Babaláwo tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni ẹbọ gbogbo odù lọ́dọ̀ rẹ̀, ó lè gbọ́fá dáadáa o, ẹran ewúrẹ́ ló kàn ń dùn mọ́ ọn.

Mo ní mi ò ṣe. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, o bá mi fi páálí dì í, mo sì padà sílé. Lójú ọ̀nà ni mo ń rò ó. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí Àtìbà sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí à ń gbé lónìí, ní àwọn ọdún 1830, kò gbé ilẹ̀ wá. Oyè ló gbé wá, àti òfin, àti orúkọ. Ó fi Olúyọ̀lé jẹ Baṣọ̀run n'Íbàdàn, ó fi Kúrunmí jẹ Kakaǹfò n'Íjàyè, ìlú sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ro ti ìjòyè kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Àgọ́, tó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó fẹ́ lọ kí ọba. Ọ̀nà Ààfin Ọ̀yọ́-Ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ titun, ẹsẹ̀ yẹn yóò gbé e wọ igbó. Oyè rẹ̀ kò tíì bọ́, orí rẹ̀ kò dàrú, kò nílò ju kí ẹnìkan nawọ́ sí ibi tí ẹnu ọ̀nà wà lọ. Háàdì mi ni ìlú tó kó wá. Bọ́ọ̀dù rẹ ni ilẹ̀ titun. Ìwọ wá ní kí wọ́n pa ìjòyè náà, ká wá òmíràn tí a bí sí Àgọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tí o máa ń pè ní Ìyá Kékeré, ló béèrè ohun tí èmi àti ìwọ kò béèrè: "Dádì, ṣé háàdì ló bàjẹ́ ni, àbí bọ́ọ̀dù ni kò rí i?" Ó lọ yá fláàṣì kan tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ajayi Crowther. Ó tì í bọ kọ̀ǹpútà, ó fi jí i, kò sì kọ nǹkan kan sórí háàdì. Gbogbo ará ìlú pé síbẹ̀. Mo rí àwòrán ìyá mi. Mi ò ní sọ ohun tí mo ṣe nígbà tí mo rí i, nítorí wàá ròyìn rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Níbẹ̀ ló ti rí yàrá kékeré kan lára háàdì náà, 100 MB péré, tí wọ́n kọ EFI sí lára. O mọ èyí jù mí lọ, àmọ́ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ẹlòmíì. Láti ìgbà tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní 1981, ọ̀nà kan ni irú ẹ̀rọ yìí fi ń wá ohun tí yóò jí i: yóò lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ dísìkì, yóò ka báìtì 512 tó wà níbẹ̀, ohun tí ìyẹn bá wí ni yóò ṣe. Àṣà yẹn ni wọ́n ń pè ní Legacy nínú sẹ́tìn bọ́ọ̀dù. Àṣà titun ni UEFI. Òun kì í dúró níbẹ̀ rárá, inú yàrá EFI ló ń lọ tààrà láti wá fáìlì tó ń jí Windows. Bọ́ọ̀dù mi tó jóná ń lo UEFI. Bọ́ọ̀dù tí o fi sí i wà lórí Legacy. Ó ń kan ilẹ̀kùn iwájú, onílé wà lẹ́yìnkùlé, ó sì wá jíṣẹ́ fún ọ pé kò sẹ́nìkan nílé. Ìwọ náà gbà á gbọ́!

Ọmọ náà yí Legacy sí UEFI. Àmì Windows yọ. Mo hó yèè. Ariwo náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí gbogbo ojú mọ́nítọ̀ fi di búlúù, pẹ̀lú ojú kékeré tó fajúro yẹn, àti ọ̀rọ̀ kan tó gùn bí ọ̀nà Ìgbòho: INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ọ̀tẹ̀ kejì nìyí. Windows ti jí lóòótọ́, ó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó wá ń wá háàdì tí ó ti inú rẹ̀ jí, kò rí i mọ́. Èdè tí bọ́ọ̀dù fi ń bá háàdì sọ̀rọ̀ ló yí padà. AHCI ni wọ́n ń sọ sí ara wọn tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ yìí wà lórí RAID, Windows tó sì ti ń sọ AHCI láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ kì í gbé dráífà RAID dání nígbà tó bá ń jí. Àwọn afíngbá ìlú mi kò ní jẹ́ kí èyí yà wọ́n lẹ́nu. Igbá àti ìdérí rẹ̀, ara èso kan náà ni wọ́n ti là wọ́n. O lè wá ìdérí tó tóbi bákan náà, tí wọ́n fín bákan náà, kò ní jókòó. A yí RAID sí AHCI. Ó jókòó. Windows ní kí a dúró, òun ń mọ àwọn ẹ̀yà ara titun, ó pa ara rẹ̀, ó tan ara rẹ̀, ìwé owó ẹgbẹ́ ṣí sí ojú ìlà tí mo wà nígbà tí àrá sán.

Agogo mọ́kànlá alẹ́ kọjá nígbà tí mo pè ọ́. Mo mọ̀ pé o rántí ohun tí mo sọ. Mo ní kí gbogbo ẹnjinníà Under-G kó ìwé wá sí Ọ̀yọ́ wá kẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ohun tí wọ́n ń wí nípa àwa ará Ọ̀yọ́, pé ẹlòmíì ló ń ṣe bíi tiwa, o ti fojú rí i. O ní, "Ẹ kú oríire, Ẹ̀gbọ́n," o sì pa fóònù. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́.

Mo ti kọ́gbọ́n lára Ṣàngó, nítorí náà mo yọ pílọ́ọ̀gì kí n tó sùn. Ní òwúrọ̀, mo tì í bọ̀ ọ́, mo tẹ bọ́tìnnì. No boot device.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yóò tún un ṣe lálẹ́, yóò ṣiṣẹ́ bí agogo, n óò yọ pílọ́ọ̀gì, ní òwúrọ̀ yóò ti gbàgbé gbogbo ohun tí a bá a sọ. Èmi ti ń rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ yìí ní ọwọ́ ayé nínú. Ní ọjọ́ kẹta ni mo pè ọ́, ohùn mi kéré. O jẹ́ kí n rojọ́ tán. Lẹ́yìn náà o bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún wo ni kọ̀ǹpútà yín wà?" Mo wo igun ìsàlẹ̀ mọ́nítọ̀. Oṣù kìíní ọdún 2012 ló wà. O ní, "Bátìrì ni."

O kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí ju kí o rẹ́rìn-ín lọ.

Ẹ̀yin tó ń ka lẹ́tà, bátìrì kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù, ó rí pẹrẹsẹ bíi owó kọ́bọ̀, CR2032 lorúkọ rẹ̀, fóòtì mẹ́ta ni agbára rẹ̀. Òun ló ń bọ́ aago kọ̀ǹpútà nígbà tí kò bá sí iná, lórí àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ bíi tèmi, òun náà ló ń bọ́ iyè tí sẹ́tìn wà nínú rẹ̀. Tí bátìrì bá ti kú, tí wọ́n tún yọ iná kúrò lára ògiri, bọ́ọ̀dù á padà sí bí wọ́n ṣe gbé e jáde nílé iṣẹ́. Ti bọ́ọ̀dù yìí, Legacy ni, àti RAID. Bí mo bá ti ya ọ̀lẹ, tí mi ò yọ pílọ́ọ̀gì, ǹ bá má mọ̀. Mo rìn dé ọjà Akẹ̀sán, mo ra bátìrì náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ lọ-bọ̀ tí mo san wá bá ọ. Láti ọjọ́ náà, kọ̀ǹpútà mi mọ ọdún tí a wà.

Ohun tó ń rú mi lójú nìyí. Ẹni tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí kò rí kọ̀ǹpútà, tó fi ìbéèrè kan ṣoṣo mú olè tó ń jà wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ló dé tó fi jẹ́ pé fọ́máàtì ló kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu? Mo ti rò ó dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tò sẹ́yìn mi, iná lè lọ nígbàkígbà, èmi náà sì ń wo aago nítorí ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Fọ́máàtì ní ìgbà tó máa parí. Ìwádìí kò ní. Bí o bá fọ́máàtì, n óò sanwó iṣẹ́, n óò sì kí ọ kú iṣẹ́. Bí o bá fi ọjọ́ mẹ́ta béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù, tí o wá ní bátìrì lásán ni, èmi gan-an ni n óò kọ́kọ́ ní, "Bátìrì yìí náà lo fẹ́ gba iye yẹn lé lórí?" Mo mọ ara mi. Ìwọ náà mọ̀ mí. Ṣé o wá rí i pé ìdajì lẹ́tà yìí, ara mi ni mò ń kọ ọ́ sí?

Ìdajì tó kù ṣì jẹ́ tìrẹ. Bátìrì tó ti kú, o yẹ kí o ti pààrọ̀ rẹ̀ kí bọ́ọ̀dù tó wọ inú àpótí.

Windows ní ìwé àṣẹ òun bá bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ lọ, a ṣì ń bá a dúnàádúrà. Mo sì dúpẹ́ pé mi ò fi BitLocker ti háàdì mi. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a máa fara pamọ́ sínú TPM, lórí bọ́ọ̀dù, tí bọ́ọ̀dù bá sì yí padà, Windows á ní kí onílé ka nọ́ńbà 48 fún òun kí òun tó ṣílẹ̀kùn. Èmi tí mi ò mọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ lórí! Ẹni tó bá ní i lára kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó lọ kọ ọ́ sínú ìwé kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Mo ti ra háàdì kejì, mo ti da gbogbo ará ìlú kọ sí i, kódà mo ti da wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Má béèrè ìdí tí mi ò fi ṣe é láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti béèrè.

Owó iṣẹ́ rẹ tó kù, mo ti fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ, pẹ̀lú ohun díẹ̀ lórí rẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Ohun kan ló kù. Ìró tí mo fi di kọ̀ǹpútà wá sọ́dọ̀ rẹ, mo gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ nígbà tí o fún mi ní páálí. Mi ò wo èyí tí mo fà yọ lọ́jọ́ náà. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n rẹ tú àpótí aṣọ, tó ń wá àdìrẹ kan tí màmá yín fún un nígbà ìgbéyàwó wa. Mo ní mi ò rí i. Jọ̀ọ́, bí o bá ti fi nu eruku bọ́ọ̀dù, fọ̀ ọ́, lọ̀ ọ́, kí o fún dírẹ́fà kan tó ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́, kó pè mí tó bá dé Owódé. Kó má gbé e wá sílé.

Èmi ni,
Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ.